Èènì Alàájì Àbdùlkàdírì

Kò sí ẹni tí kò mọ ìtàn ọjọ́ tí olóògbé Alàájì Àbdùlkàdírì ná oògùn ní Ọjà Tuntun. Dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún un pé ọ̀rá ti pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni. Ó wọ ilé oògùn Nafisah, ó béèrè iye tí ọgbọ̀n hóró oògùn tí wọ́n kọ fún un jẹ́.

"Ẹgbẹ̀rún méjìlá náírà ni, Bàbá."

"Gba ẹgbẹ̀rún mẹ́ta."

"Bàbá, a kì í ná oògùn o."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Mo ná àgbò iléyá, mo ná ilẹ̀ tí mo kọ́lé sí. Sàdáàkì tí mo fi fẹ́ ìyàwó mi pàápàá, mo ná an!"

Ó yí padà, ó ń rọra lọ. Gbogbo wa la mọ̀ pé bí oníbàárà bá ń lọ báyẹn, ọlọ́jà yóò pè é padà. Nafisah kò pè é. Alàájì dé etí gọ́tà, ó dúró, ó tún fìlà rẹ̀ ṣe. Kò sẹ́ni tó pè é. Ló bá fìbínú padà wọlé: "Nafisah, ṣé o fẹ́ kí n dé àdúgbò Gàmbàrí kí o tó pè mí ni?"

Nafisah rẹ́rìn-ín títí, ó mú páálí mìíràn wá. "Oògùn kan náà nìyí, Bàbá, iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe. Ilé iṣẹ́ tó ṣe é ni kò lókìkí. Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ni."

Inú Alàájì dùn, ó sanwó, ṣùgbọ́n kò kúrò níbẹ̀. Ó na ọwọ́: "Èènì mi ńkọ́?"

Nígbà tó délé, ó tún dá ọgbọ́n tirẹ̀. Bó bá lo oògùn lónìí, kò ní lò ó lọ́la, kó lè pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Ọ̀rá ò mọ òǹkà ọjọ́," ló wí. Ìyàwó rẹ̀, Ummu Kulthum, kò rẹ́rìn-ín. Àrùn rọpárọsẹ̀, tí ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ máa ń fà, ti dá ẹ̀gbọ́n obìnrin náà dùbúlẹ̀, ẹ̀rù sì ń bà á kó má kan ọkọ òun. Ó lọ fẹjọ́ sun Nafisah.

"Bàbá," ni Nafisah wí nígbà tí Alàájì padà wá, "rọpárọsẹ̀ kì í gbọ́ ẹ̀dínwó."

Alàájì fa àga kan, ó jókòó láìná nǹkan kan. Ọjà kò rí irú rẹ̀ rí.

"Ẹ máa lò ó lójoojúmọ́," ni Nafisah tún wí, "kí ẹ má fo ọjọ́ kan. Bí oṣù bá parí, ẹ mú páálí òfìfo wá, kí Màmá ṣe ẹlẹ́rìí. Màá fún yín léènì, ọsàn kan."

"Ọsàn kan fún odidi oṣù? Márùn-ún!"

Wọ́n parí rẹ̀ sí méjì.

Fún ọdún mẹ́fà, kò fo ọjọ́ kan. Nígbà tí àyẹ̀wò fi hàn pé ọ̀rá náà ti lọ sílẹ̀, ó ní: "Èmi ni mo ná an wálẹ̀."

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin ni nígbà tó jókòó sórí ẹní lẹ́yìn ìrun Àsárì ìrọ̀lẹ́, tí kò sì dìde mọ́. Oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá kọjá kí ìyàwó rẹ̀ tó jáde nínú opó tákàbà. Ilé oògùn ló kọ́kọ́ lọ, ó mú páálí kan dání.

"Hóró mọ́kànlá ló kù, ọmọ mi. Ó lo ti àárọ̀ ọjọ́ tó fi wá sílẹ̀."

Nafisah gba páálí náà. Ó fi ọsàn méjì sínú àpò, ó kúnlẹ̀, ó gbé e fún un. Màmá dúpẹ́, ó yí padà, ó ń rọra lọ. Ó dé etí gọ́tà, ó dúró, ó tún ìbòrí rẹ̀ ṣe.

"Màmá!" ni Nafisah pè. "Ẹ padà wá, mo ti fi ẹyọ kan sí i."