"Ẹ" àti "O"

Ọkùnrin tí mò ń fẹ́ nígbà náà kì í lù mí, kì í sì í pariwo. Ó kàn fẹ́ kí n máa fi "ẹ" bá òun sọ̀rọ̀ ni. Ọdún tó fi jù mí lọ kò pọ̀, àmọ́ òun ló ni ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ta fóònù ní Bọ́ládé, èmi sì ń bá ọ̀gá onídìrí kan ṣiṣẹ́ ní Àgọ́ Palace. Bí "o" bá ṣèèṣì bọ́ lẹ́nu mi pẹ́nrẹ́n, á ní, "Ṣé ẹgbẹ́ ẹ ni mí?" Kò ní gbé fóònù mi mọ́ títí màá fi lọ bẹ̀ ẹ́.

Bó ṣe di pé "ẹ má bínú" kì í wọ́n lẹ́nu mi nìyẹn. Òun ló pẹ́ dé, èmi ni "ẹ má bínú". Òun ló gbàgbé ọjọ́ ìbí ọmọ mi, èmi náà ni mo tún bẹ̀bẹ̀. Àǹtí kan tí yàrá wọn kọjú sí tèmi l'Ókè-Àfà a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: "Ìyàwó Ẹ-má-bínú, ṣé o ti kúnlẹ̀ lónìí?" Màá rẹ́rìn-ín. Ariwo ni mi ò fẹ́.

Lọ́sàn-án Sọ́ńdè kan, ọkùnrin yìí jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì mi, ó ń jẹ ìrẹsì. Ọmọbìnrin mi, tí mo ti bí kí n tó mọ̀ ọ́n, ń to ìdérí mínírà nílẹ̀. Ọkùnrin náà ní àwọn ẹbí òun ti ṣe tán láti rí mi. Inú mi dùn. Ló bá fi ṣíbí tọ́ka sí ọmọ.

"Kọ́kọ́ gbé èyí lọ fún màmá ẹ n'Íkirè. Mi ò lè mú ìyá ọlọ́mọ wọlé bàbá mi."

"Títí dìgbà wo?"

"Títí dìgbà tí mo bá ní kó máa bọ̀."

Ọmọ mi gbójú sókè. Ó ti dàgbà tó ẹni tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀.

"Ẹ má..." Mo gbé ìyókù mì. Mo ní, "O ò lè lé ọmọ mi kúrò nílé mi."

"Ta lò ń pè ní 'o'?"

"Ìwọ."

Ó ń retí ẹ̀bẹ̀. Mo rí bó ṣe ń wo orúnkún mi. Nígbà tí kò rí nǹkan kan, ó wá bàtà ẹ̀, ó lọ.

Mo ti ilẹ̀kùn.

"Mọ́mì, ṣé mò ń lọ Ìkirè ni?"

"A jọ máa lọ kí màmá nígbà Iléyá," ni mo wí. "A sì jọ máa padà wá ni."