Béárìn Íńṣì Méjì

Títí dòní, bí mo bá gbọ́ òórùn bisikíìtì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú ààrò, àdúgbò Ọgbà ni ọkàn mi máa ń sá lọ, sí ilé iṣẹ́ bisikíìtì kan lójú ọ̀nà tó já sí Agége, níbi tí mo ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Ayé ológun ni, Sáàpù, ètò ọrọ̀ ajé tí ìjọba gbé dé, sì ti gbé náírà ṣubú débi pé ẹni tó bá ní kí wọ́n ra páàtì ẹ̀rọ wá láti òkè òkun, àwàdà ló ń ṣe. Ohun tí a ní náà la ń tún lò. Bí ẹ̀rọ kan bá kú, àwọn fítà tó ń tún ẹ̀rọ ṣe á tú u palẹ̀, wọ́n á wọn gbogbo ohun tó ṣì dára lára rẹ̀, wọ́n á kó o sí sítọ́ọ̀. Sítọ́ọ̀ ọ̀hún kún débi pé ẹnikẹ́ni kò mọ ohun tó wà níbẹ̀ mọ́.

Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gba èmi àti akẹgbẹ́ mi kan síṣẹ́, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó fẹ́ràn àríyànjiyàn ju oúnjẹ lọ. Wọ́n ní kí a kó gbogbo ohun tó wà ní sítọ́ọ̀ sínú kọ̀ǹpútà, kí a sì ṣe èdè kékeré kan tí àwọn fítà á máa fi bi í léèrè. Inú mi dùn sí iṣẹ́ yìí ju bó ṣe yẹ lọ, ká sòótọ́. Yorùbá la fi ṣe àṣẹ rẹ̀: ẹ ó kọ WÁ, ẹ ó kọ ohun tí ẹ ń wá, lẹ́yìn náà TÍ, pẹ̀lú ohun tí ẹ mọ̀ nípa rẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tó dá wa lóhùn, mo pariwo débi pé akọ̀wé tó wà ní yàrá kejì sáré wọlé, ó rò pé iná ló gbé mi.

Ohun tó ń dá ìjà sílẹ̀ láàrin àwa méjèèjì ni irú ohun tí a ó jẹ́ kí kọ̀ǹpútà pe ìwọ̀n. Akẹgbẹ́ mi ní kí gbogbo nǹkan jẹ́ ọ̀rọ̀, bí fítà bá ṣe sọ ọ́ ni kí a ṣe kọ ọ́. Mo ní irọ́ ni, torí bí nọ́ńbà bá di ọ̀rọ̀, ṣe ni kọ̀ǹpútà á máa tò ó bí orúkọ ọmọ iléèwé, 10 á wá ṣáájú 9 torí pé 1 ló fi bẹ̀rẹ̀, a ò sì ní lè béèrè èyí tó tóbi ju òmíràn lọ. Mo borí. Ìwọ̀n di nọ́ńbà lásán, kò sẹ́ni tó lè kọ ohun mìíràn síbẹ̀. Mo yan fanda lọ́sẹ̀ yẹn bí ẹni tó ra ilé sí Ìkẹjà.

Àfi bí ẹ̀rọ tó ń di bisikíìtì sínú ọ̀rá ṣe dúró gbagidi lọ́jọ́ Ajé kan. Béárìn rẹ̀, òrùka irin tí ọ̀pá ẹ̀rọ ń yí nínú rẹ̀, ló fọ́. Máníjà ní bí kò bá tíì ṣiṣẹ́ tó bá fi di ọjọ́ Ẹtì, kí gbogbo obìnrin tó ń di bisikíìtì lórí láìnì yẹn máa lọ sílé. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wà lára wọn. Iṣẹ́ yẹn ni wọ́n fi rán mi níléèwé lẹ́yìn tí bàbá wa kú, ọmọ méjì sì tún wà lọ́rùn wọn. Wọn ò bá mi sọ ọ́ nílé, àmọ́ mo rí i pé wọn ò jẹun tán.

Àgbà fítà wa, tí wọ́n ti wà níbẹ̀ láti ayé àwọn òyìnbó tó dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀, wá bá wa. Wọ́n ní méjì ni ìbú ihò béárìn náà. Mo tẹ̀ ẹ́ kíá: WÁ béárìn TÍ ihò JẸ́ 2. Ó dáhùn! Ó ní ọ̀kan wà, ó sọ àpótí tó wà. A sáré lọ sí sítọ́ọ̀, a ṣí àpótí, a bá béárìn kan tí kò ju hóró àgbàdo lọ. Ẹ̀rín pa gbogbo fítà, akẹgbẹ́ mi ló sì rín in jù. Ojú tì mí, inú sì bí mi, torí ẹ̀gbọ́n mi wà lẹ́nu ọ̀nà tí wọ́n ń wò mí.

Mo di béárìn kóńkó yẹn mọ́wọ́ títí mo fi padà sórí àga mi. Kọ̀ǹpútà ò kúkú purọ́. Mo lọ bi ẹni tó wọ̀n ọ́n, ọ̀dọ́ ẹnjiníà kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti politẹ́kíníìkì dé. Ó ní mìlímítà méjì ni. Mo bi àgbà fítà. Wọ́n ní íńṣì ni, wọ́n ní kí tún ni mo ń béèrè, ta ló ń fi nǹkan mìíràn wọn ẹ̀rọ Gẹ̀ẹ́sì? Ìgbà yẹn ló yé mi. Íńṣì ni àwọn àgbà fi kọ́ṣẹ́, mìlímítà ni àwọn ọ̀dọ́ fi kọ́ tiwọn, kálukú sì gbà pé gbogbo ayé mọ èyí tí òun ń wí. Èmi alákọ̀wé wá gba nọ́ńbà lọ́wọ́ wọn, mo da gbogbo rẹ̀ pọ̀ sójú kan.

Mo kọjú sí akẹgbẹ́ mi. Mo ní, "Kì í ṣe ọ̀rọ̀, kì í ṣe nọ́ńbà. Irú kẹta la nílò."

Ó yé e kí n tó sọ ọ́ tán. "Nọ́ńbà tí a so mọ́ ohun tí a fi wọ̀n ọ́n," ló wí, ó sì ti ń gba kíbọ́ọ̀dù lọ́wọ́ mi.

Ọlọ́run ló mọ bí inú wa ṣe dùn tó lọ́sẹ̀ yẹn. Bí jẹnẹrétọ̀ bá ń ṣiṣẹ́, a ń kọ èdè. Bí wọ́n bá pa á nítorí epo, a ó wọ sítọ́ọ̀ pẹ̀lú àwọn fítà láti tún nǹkan wọ̀n. Èyí tí kò bá dá wa lójú, a kọ ọ́ síbẹ̀ pé a kò mọ̀, kọ̀ǹpútà ò sì gbọ́dọ̀ méfò. A sọ èdè wa di alágídí: bí ẹ bá kọ 2 lásán, á kọ̀ jálẹ̀, á bi yín pé, "Méjì kí ni?" Bí ẹ bá ní íńṣì, òun fúnra rẹ̀ á yí i sí mìlímítà kó tó lọ wá a.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, àgbà fítà fúnra wọn ló tẹ ìbéèrè náà, ìka kan ṣoṣo ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́. Íńṣì méjì. Kọ̀ǹpútà dárúkọ àpótí kan tí ọ̀dọ́ ẹnjiníà yẹn kọ àádọ́ta mìlímítà ó lé díẹ̀ sí, béárìn tí wọ́n yọ lára ẹ̀rọ tó ti kú tipẹ́. Ó wọlé wẹ́kú. Nígbà tí láìnì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, àwọn obìnrin hó yèè, mo bú sẹ́kún ní gbangba, n ò sì tijú ẹnikẹ́ni.

Ilé ìjọsìn ló wà lórí ilẹ̀ ilé iṣẹ́ náà báyìí. Láìnì yẹn ṣiṣẹ́ títí àbíkẹ́yìn ẹ̀gbọ́n mi fi jáde iléèwé girama, kí wọ́n tó ti ilé iṣẹ́ náà pa. Mo ti bá àwọn ẹlòmíràn ṣe èdè ìbéèrè tó tóbi ju ìyẹn lọ láti ìgbà náà, kò sì sí èyí tó dùn mọ́ mi tó o. Láìpẹ́ yìí, ẹ̀gbọ́n mi, tí wọ́n ti di ìyá àgbà, bi mí bóyá kọ̀ǹpútà ọjọ́sí mọ̀ pé iṣẹ́ àwọn ló ń wá. Mo ní rárá, béárìn nìkan ló mọ̀ pé òun ń wá.

Wọ́n ní, "Ìwọ ṣáà mọ̀."