Epo Tí Ògúntádé Ta sí Kílọ́ọ̀ṣì

Bí ìtìjú bá ń pa èèyàn ni, Gaston ọmọ Ògúntádé ì bá ti wà ní sàréè láti ọdún kejì tí Dàhòmé gba òmìnira.

Alágbẹ̀dẹ ni bàbá rẹ̀ ní Kétu. Ọkọ́ àti àdá rẹ̀ ni wọ́n fi ń roko dé Odomèta. Gaston ní tirẹ̀ lọ kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì ní Àjàṣẹ́, ó dé, ó pa àtíbàbà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé àrọ bàbá rẹ̀. Ojú sì máa ń tì í díẹ̀ bí àwọn èèyàn ńlá bá bá arúgbó náà níbẹ̀ nínú ṣòkòtò eléèédú.

Barnabé, nọ́ọ̀sì ìlú, ló gbé ògbólógbòó alùpùpù rẹ̀ wá. Àwọn àwo kílọ́ọ̀ṣì tí í gbá ara wọn mú kí táyà tó yí ti jẹ tán, eyín jíà kan náà sì ti jẹ. Kò sí tuntun lọ́jà. Gaston ṣí awọ bíréèkì lára ọkọ̀ akẹ́rù kan tó ti kú, ó gé e, ó kàn án mọ́ àwo. Ti jíà ló sú u. Bàbá ló bá a lu ìyẹn lójú iná, tó fi fáìlì irin fá a títí ó fi jókòó gẹ́lẹ́.

Kí Gaston tó dé ìdérí, bàbá ta epo pupa sórí àwo. Ó ní, "Ògún, má jẹ̀ẹ́ kí irin yìí dalẹ̀ o." Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe fún irin tuntun nílé wọn. Gaston mọ̀ pé irú kílọ́ọ̀ṣì yẹn kò gbọdọ̀ rí epo, àwọn àwo rẹ̀ yóò máa yọ̀ ni. Ṣùgbọ́n ta ni yóò gbá ọwọ́ bàbá rẹ̀ mú lẹ́nu àdúrà? Ó ní, "Àṣẹ." Ìyẹn ò burú. Èyí tó burú ni pé nígbà tí bàbá jáde, Gaston kò tú u, kò nù ún. Ọ̀lẹ mú un, ó dé e pa.

Ní ọjọ́ kejì, wọ́n pe Barnabé sí aboyún kan tó ń rọbí ní Okpomèta. Ó dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè kan lọ́nà, ẹ́ńjìnì ń ké tantan, táyà ò yí. Ó fi ọwọ́ ti alùpùpù lóòrùn, àwọn ọmọdé ń fi í ṣẹ̀sín. Ọlọ́run ló yọ ọ́, àwọn ìyá àgbà ti gbẹ̀bí kó tó dé.

Ó padà wá bá Gaston, èrò sì tẹ̀ lé e.

"Gaston, irú iṣẹ́ wo lo ṣe fún mi yìí?"

"Dókítà, ẹ má bínú, kì í ṣe èmi o. Bàbá ni. Ẹ ṣáà mọ àwọn ará àtijọ́, epo pupa ni wọ́n lọ dà sí i."

Èrò bú sẹ́rìn-ín. Òótọ́ ló sọ, àmọ́ ààbọ̀ ni.

Wọn ò mọ̀ pé arúgbó náà wà lẹ́nu ọ̀nà ilé àrọ. Ó rọra rìn wá, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún Barnabé tí àbíkẹ́yìn rẹ̀ jù lọ́jọ́ orí.

"Ẹ forí jì mí. Mi ò mọ̀ pé kò gbọdọ̀ rí epo. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi."

Barnabé náà sáré dojú bolẹ̀, ó ń gbé e dìde, ó ní, "Háà, Bàbá, ẹ má pa mí o!" Ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó yẹ kí Gaston sọ pé, "Mo rí i, èmi ni mo fi í sílẹ̀." Ṣùgbọ́n ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nídìí alùpùpù, ó ń tú ìdérí. Ó ń wá ibi tí ilẹ̀ yóò ti lanu gbé e mì.

Alùpùpù Barnabé ti ń lọ geere báyìí. Àmọ́ Ògúntádé, tó kọ́ Gaston bí a ti ń di òòlù mú, kì í ya wọ àtíbàbà náà mọ́. Ẹnu ọ̀nà ni í dúró sí bí àlejò, tí á ní, "Àgò o."

"Àgò yà, Bàbá. Ẹ wọlé."

Á wá káwọ́ sẹ́yìn, á ní, "Ọmọ mi, mi ò ní fọwọ́ kan nǹkan kan o."