Ikùn Tí Gbogbo Ayé Ń Ṣàdúrà Fún

Ìkíni kan wà tí mo kórìíra títí dòní: "Àsọ̀kalẹ̀ àǹfààní o!" Ẹ má bínú sí mi. Mo mọ̀ pé àdúrà rere ni, aláboyún la sì ń fi kí. Ṣùgbọ́n ẹnì kan tí mo mọ̀, tí gbogbo ayé fi ń kí fún nǹkan bí ọdún mẹ́ta, kò lóyún rárá.

Hàjàrá telọ ni mò ń wí. Ògiri kan ṣoṣo ló pín ilé wa ní Òkèrèwè, ìró máṣíìnì rẹ̀ láàárọ̀ ni mo fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́. Ó mọ aṣọ rán, àmọ́ kò lẹ́nu. Èmi ni mo lẹ́nu, èmi ni mo máa ń bá a ja ìjà rẹ̀. Ó ti bí ọmọ mẹ́ta fún ọkọ rẹ̀, Àtàndá, awakọ̀ tó ń ná ọ̀nà Ìpetumodù, kí Ọlọ́run tó fi ìbejì ta wọ́n lọ́rẹ lọ́dún 1992. Obìnrin ni àwọn méjèèjì. Ikùn ìgbà náà kò ṣeé fẹnu sọ. Nígbà tí oṣù rẹ̀ pé, Hàjàrá kò rí ẹsẹ̀ ara rẹ̀ mọ́.

Táyé kò pẹ́ láyé. Ibà ló ṣe é, kí wọ́n sì tó gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà, ó ti dákẹ́. Lẹ́yìnkùlé, lábẹ́ igi òroǹbó, ni wọ́n sin ín sí. Ẹ mọ àṣà wa: a kì í sọ pé ìbejì kú. Ìyá Àtàndá, Alhaja Fàòsíyà tó ti lọ Mẹ́kà tó sì ti bọ̀, ló kìlọ̀ fún gbogbo ilé.

"Táyé lọ ra iyọ̀," ló wí. "Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sọ ohun mìíràn."

Láti ìgbà náà, bí Alhaja bá ra nǹkan fún Kẹ́hìndé, méjì ló ń rà. Àkàrà méjì, bàtà méjì. Bí Iléyá bá dé, Hàjàrá á rán gáùn méjì tó dọ́gba, á wọ ọ̀kan fún Kẹ́hìndé, á sì kó ìkejì sínú àpótí. Mo bá a lọ́jọ́ kan níbi tó ti ń rán ìkejì yìí, ó ń rán an, ó ń sunkún. Inú bí mi débi pé mo jáde láìkí i.

Ikùn Hàjàrá ní tirẹ̀ kọ̀, kò wálẹ̀. Alhaja fi omi gbígbóná jó o, ó fi ọ̀já dì í, kò gbọ́. Apá Hàjàrá rí tín-ín-rín, ọrùn rẹ̀ rí tín-ín-rín, àmọ́ ikùn yọ síwájú bí ti olóyún oṣù méje. Ibikíbi tó bá dé ni àdúrà ti ń pàdé rẹ̀. Olórí àwọn tó ń ṣe é ni Màmá Àbíkẹ́, ìyá arúgbó tó ń ta òwú àti bọ́tìnnì ní Enuwa.

"Àsọ̀kalẹ̀ àǹfààní o! A ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ!"

Hàjàrá á kúnlẹ̀. "Àmín o, ẹ ṣeun mà."

Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ òótọ́ fún wọn. Ó wò mí. "Ṣé kí n wá kọ àdúrà ni? Ta ló ń kọ àdúrà?"

Bó ṣe ń kó àmín lé àmín nìyẹn, lórí ikùn tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀.

Àbí ó wà? Òun fúnra rẹ̀ sọ fún mi pé tóun bá jókòó ti máṣíìnì, òun ń gbọ́ ọ tó ń ta ẹsẹ̀. Mo ní ìfun ni. Ó ní òun mọ ìfun, òun sì mọ ọmọ.

Èmi ni mo mú un lọ bá Dókítà Lágúnjú, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ fífi abẹ tún ara ṣe. Ó yẹ ikùn náà wò, ó sì ṣàlàyé fún un.

"Kì í ṣe ọ̀rá, ìyá. Iṣan inú ikùn yín ló là sí méjì láàárín, awọ ara sì ti fẹ̀ ju ibi tó lè padà sí lọ. A lè rán iṣan yẹn pọ̀, ká sì gé awọ tó kù kúrò. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ọmọ já lẹ́nu ọmú, kí ara yín sì balẹ̀ ná." Ó wá béèrè èyí tó le. "Ṣé ẹ ti parí ọmọ bíbí? Bí ẹ bá tún lóyún, gbogbo iṣẹ́ yẹn lè tú."

Ọ̀rọ̀ yìí yé Hàjàrá jù mí lọ. "Bẹ́ẹ̀ náà ni," ló wí, "a kì í dín aṣọ ọmọ tó ṣì ń dàgbà kù." Ó ku ìbéèrè yẹn. Obìnrin wo ló máa fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun ti parí? Ó ní, "Ọlọ́run ló mọ̀." Dókítà ní kó padà wá nígbà tí òun náà bá mọ̀.

Nígbà tí Alhaja gbọ́, ó bú sígbe. "Ìdòwú ńkọ́? Ṣé o fẹ́ tilẹ̀kùn mọ́ Ìdòwú lójú ni?"

Ìdòwú ni ọmọ tó ń tẹ̀lé ìbejì. Àwọn àgbà sọ pé ìyá ìbejì tí kò bá bí i, Ìdòwú á gùn ún lórí, ìyá náà á sì ya wèrè. Ẹ̀rù ba Hàjàrá. Ó dúró. Kẹ́hìndé já lẹ́nu ọmú, ó rìn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́, Ìdòwú kò dé. Ikùn ò lọ, àdúrà ò sì dáwọ́ dúró. Lọ́dún 1995 ó padà sọ́dọ̀ dókítà, mo sì jókòó tì í. Ó ní, "Mo ti parí." Kíá ló fi ọwọ́ bo ẹnu, àfi bí ẹni tó sọ èébú. Wọ́n dá ọjọ́ fún un.

A ò mọ̀ pé ẹnì kan tún wà tó ń fi ojú sí ikùn yẹn. Kẹ́hìndé ti ń gbé etí lé e láti ìgbà pípẹ́, a rò pé eré ni. Bí wọ́n bá ra àkàrà méjì, á jẹ ọ̀kan, á fi ìkejì kan ikùn ìyá rẹ̀, á ní, "Gbà." A máa ń rẹ́rìn-ín.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí a fẹ́ lọ, ọkọ̀ Àtàndá ti ń dún lẹ́nu ọ̀nà. Hàjàrá ṣí báàgì rẹ̀ pé kóun ki ṣálúbàtà bọ̀ ọ́. Gáùn kékeré kan ló wà lókè pátápátá, ọ̀kan nínú àwọn tó wà nínú àpótí.

"Ta ló kó èyí síbí?"

"Èmi ni," Kẹ́hìndé wí. "Ti Táyé ni. Kó má bàa wà níhòòhò tí dókítà bá gbé e jáde."

Gbogbo ayé ń sọ pé ọmọ wà nínú ikùn yẹn, gbogbo ilé ń sọ pé Táyé ṣì ń bọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́ta ro ó pọ̀, ó sì rí ibi tí èkejì rẹ̀ wà.

Hàjàrá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Nígbà tó dìde, ó ní kí Àtàndá máa lọ síbi iṣẹ́. Ó fa ọmọ náà lọ́wọ́ lọ sábẹ́ igi òroǹbó, èmi àti Alhaja sì tẹ̀lé wọn.

"Táyé ò lọ ra iyọ̀," ló wí. "Táyé kú. Ibí la sin ín sí."

Alhaja ká ọwọ́ lérí. "Hàjàrá! O ti pa wá!"

Kẹ́hìndé wo ilẹ̀, ó wá wo ikùn. "Ta ló wà níbẹ̀?"

"Kò sí ẹnì kankan, ọmọ mi."

"Ta wá ni wọ́n ń ṣàdúrà fún?"

Hàjàrá gbé e pọ̀n, ó padà wọlé.

Inú dókítà kò dùn pé a kò wá lọ́jọ́ náà, ó sì ní ọjọ́ wo ni kóun tún fi sí. Hàjàrá ní òun á wá sọ. Alhaja ò dẹ́kun àkàrà méjì. Kẹ́hìndé kò fi kan ikùn mọ́, àmọ́ kò jẹ ìkejì, á gbé e sórí ilẹ̀ lábẹ́ igi fún eèrà. Ìyá rẹ̀ ń wò ó. Ó di àárọ̀ ọjọ́ kan, mo gbọ́ tí Hàjàrá ń lu ògiri. Mo sáré lọ.

"Kẹ́hìndé ti jẹ àkàrà méjèèjì," ló wí, omijé sì bò ó lójú.

Ọ̀sẹ̀ kejì la lọ. Iṣẹ́ abẹ náà yọrí sí rere. Alhaja tó ń bínú yẹn náà ló ń wẹ̀ ẹ́, tó ń bọ́ ọ, àmọ́ ó ń wo ojú rẹ̀ ṣáá bóyá Ìdòwú ti gùn ún. Orí Hàjàrá pé. Ṣùgbọ́n ó sọ fún mi pé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, nǹkan ṣì ń ta ẹsẹ̀ níbẹ̀, níbi tí wọ́n ti rán pa. Mi ò sọ pé ìfun ni mọ́.

Nígbà tó tún jáde, Enuwa la kọ́kọ́ lọ, ó fẹ́ ra òwú. Ó fa Kẹ́hìndé lọ́wọ́. Màmá Àbíkẹ́ rí i lókèèrè, ó rí ikùn tó ti wálẹ̀, ó fò dìde bí ọmọdé.

"Háà! Ẹ kú ewu ọmọ o! Mi ò wí bẹ́ẹ̀? Àdúrà ti gbà!"

Ó na ọrùn wo ẹ̀yìn Hàjàrá pé kóun rí ọmọ tuntun. Kò rí nǹkan kan. Àmín ọdún mẹ́ta ló dúró síwájú Hàjàrá yẹn. Mo fẹ́ fi ìbínú dá ìyá náà lóhùn.

"Kí la bí?" Màmá Àbíkẹ́ tún bi í.

Kẹ́hìndé tú ọwọ́ rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ó bọ́ síwájú.

"Èmi ni," ló wí. "Èmi ni wọ́n bí."