Irin Inú Kòkò Bàbá Mi

Òórùn kòkò àti ti kẹrosíìnì ló jí mi láàárọ̀ ọjọ́ tí bàbá mi tú kíláàṣì alùpùpù rẹ̀ palẹ̀ ní Omífunfun.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ dàgbà lábúlé kòkò á rántí irú alùpùpù bẹ́ẹ̀. Ó dàgbà jù mí lọ, ariwo rẹ̀ sì ju ìrìn rẹ̀ lọ. Kọ́ọ̀kì ara pléètì kíláàṣì rẹ̀, èyí tó ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì dé táyà, ti jẹ tán: ẹ́ńjìnnì á máa ké, táyà kò ní dáhùn. Jíà kejì náà á máa fò jáde bí ẹni tí wọ́n pè nílé. Ìyá mi ní kó gbé e lọ fún mẹkáníìkì ní Òrè. Bàbá mi ní, "Ọwọ́ ara ẹni la fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe." Sípánà kan ṣoṣo ló ní.

Ó ra pléètì kọ́ọ̀kì tuntun, ó rẹ wọ́n sínú ọ́ìlì mọ́jú. Ìyẹn ló ṣe dáadáa, nítorí kọ́ọ̀kì gbígbẹ á jóná. Bí a ṣe ń tò ó ni kọ́ọ̀kì kan, irin kan, títí á fi tán, kí sípíríńgì tó fún gbogbo rẹ̀ pọ̀. Àwọn pléètì irin àtijọ́ ṣì dára, ó bá fọ̀ wọ́n, ó sá wọn sórí pẹpẹ tí kòkò wà, kí adìẹ má baà tú wọn ká.

Òjò ṣú. Lọ́dọ̀ wa, bí òjò bá ṣú, kòkò la kọ́kọ́ ń kó, ká tó rántí ọmọ. A wọ́ gbogbo rẹ̀ sápò. Nígbà tó dá, bàbá mi ṣa irin rẹ̀ jọ, ó ní, "Ó pé." Ó dì í. Alùpùpù ké, kò rìn.

Lọ́jọ́ kejì, ọkọ̀ kó kòkò lọ sí Òrè. Kò pẹ́ tí awakọ̀ náà fi padà dé: "Bàbá, Alhaja tó ń ra kòkò ní kí ẹ wá. Wọ́n bá irin nínú àpò yín. Wọ́n ní ẹ fi ń mú kòkò wúwo ni." Ẹni tí orúkọ yẹn bá lẹ̀ mọ́, láti Àgọ́ Aláyè dé Aráròmí-Obù, kò sẹ́ni tí á tún ra kòkò rẹ̀.

Bàbá mi ní kí wọ́n gbé alùpùpù sẹ́yìn ọkọ̀. Mo bá wọn lọ. Níwájú Alhaja àti àwọn alábàárù, ó lóṣòó, ó tú kíláàṣì. Kọ́ọ̀kì méjì fẹnu ko ẹnu, kò sí irin láàárín wọn.

"Irin ibẹ̀ ló wà lọ́wọ́ yín. Mi ò mọ̀ pé ó dín."

"Bàbá Ṣadé! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ẹ mọ ẹ́ńjìnnì ju ẹni tó ṣe é lọ?"

"Èmi náà ni, Alhaja."

Wọ́n rẹ́rìn-ín dójú omijé. Ó ki irin bọ̀ ọ́, ó dì í, ó ta á nípàá, alùpùpù fò síwájú. Alhaja ní, "Ẹ gbé kòkò wọn sórí ìwọ̀n. Ẹni tó fẹ́ jalè kò lè gọ̀ tó báyìí."

Èmi Ṣadé ni wọ́n ń gbé alùpùpù àtijọ́ wá bá láti Òdìgbó lónìí. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Mo mọ̀ pé fọ́ọ̀kì tó ń ti jíà ló jẹ tí jíà kejì fi ń fò jáde. Bàbá mi kò mọ ìdajì rẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, oníbàárà kan bi mí ìdí tí nọ́ọ̀tì irin kan fi ṣẹ́kù nílẹ̀ lẹ́yìn tí mo dì í tán.

Mo ní èènì ni.