Apẹ̀rẹ̀ Abẹ́ Fèrèsé

Kí ilẹ̀ ọjọ́ Àìkú tó mọ́ tán, ìròyìn ti gba àdúgbò pé Kóòṣì ti yí orí àwọn ọmọbìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ padà, iwájú wọn ti di ẹ̀yìn. Ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́ ní ṣe ni wọ́n ń rìn bí alákàn bọ̀ láti ibi ìdíje. Nígbà tí ọ̀rọ̀ fi máa dé ìsọ̀ onígbàjámọ̀, wọ́n ti ní ọ̀kan nínú wọn ń fi ìpàkọ́ mu omi. Ìyá kan tiẹ̀ pe ọmọ rẹ̀ síta, ó gbá a lágbọ̀n mú, ó yẹ̀ ẹ́ wò níwájú, ó yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn, ó ní, "Imú ṣì wà níbi tí mo bí i sí." Síbẹ̀, kò gbà pé irọ́ ni.

Irọ́ ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe irọ́ tán.

Alágbàfọ̀ ni Kóòṣì. Àtàárọ̀ ló ti máa ń lọ aṣọ aláṣọ, títí áyọ́ọ̀nù á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, á gbé e sílẹ̀, á fi fèrè kọ́rùn, ó di gbọ̀ngàn tó ti ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin àdúgbò ní bọ́ọ̀lù alájùsápẹ̀rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ máa ń sọ fún àwọn aládùúgbò pé, "Ká ní mò ń ta lórí ilẹ̀ bíi bọ́ọ̀lù ni, bàbá àwọn ọmọ ì bá ti rí mi láti ọjọ́ yìí."

Gbọ̀ngàn ọ̀hún ní wàhálà tirẹ̀. Akọ̀wé tó ń bójú tó o ń fi àga oníke yáni, àga wọ̀nyí sì ń bímọ. Bó o bá rí ogún lónìí, ọgọ́rùn-ún ni wàá bá lọ́la. Wọ́n tò wọ́n sí ìdí ògiri tó kọjú sí fèrèsé títí kan àjà, nígbà tí ààyè sì há, Akọ̀wé tú apẹ̀rẹ̀ ìhà ibẹ̀, ó fi irin rẹ̀ gbé ìkòkò òdòdó dúró lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì rẹ̀. Apẹ̀rẹ̀ kan ṣoṣo ló kù, èyí tó wà lábẹ́ fèrèsé.

Ẹ̀kọ́ tí Kóòṣì sì gbójú lé ni eré àsáyọ: bí bọ́ọ̀lù tí alátakò jù kò bá wọlé, gbà á, jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹni méjì gba etí ògiri lọ, kí ẹnì kan gba àárín, kí bọ́ọ̀lù ti bọ́ sínú apẹ̀rẹ̀ kí alátakò tó rántí pé òun lẹ́sẹ̀. Kò sí apẹ̀rẹ̀ tí alátakò máa jù sí, Kóòṣì bá ń la bọ́ọ̀lù mọ́ àga. Bó bá ti ta padà, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Ìjì á fò mú un, gbogbo wọn á sì dà gììrì sọ́dọ̀ fèrèsé.

"Ẹ kẹ́yìn sí àga, ẹ kọjú sí fèrèsé," ni Kóòṣì máa ń pariwo. "Bí ẹ bá gbọ́ ohùn mi, ẹ má wò mí. Ẹ fi kún eré ni."

Wọ́n ṣe é lọ́dún, wọ́n ṣe é láàmọ́dún, títí ó fi di pé bí wọ́n bá jí wọn lójú oorun, ọ̀dọ̀ fèrèsé ni wọ́n máa sá lọ.

Lọ́jọ́ kan, Kóòṣì lọ bẹ Akọ̀wé. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa kó àga yìí, kí apẹ̀rẹ̀ kejì lè padà sí àyè ẹ̀."

"Àga níṣẹ́ lọ́wọ́, Kóòṣì. Àwọn ọmọ yín ńkọ́? Ta ni wọ́n ti nà rí?"

"Wọ́n máa na ẹgbẹ́ òkè odò ní Sátidé."

"Ó dáa. Wọ́n bá borí, mo kó àga jáde. Wọn ò bá borí, àga á sún síwájú, kẹ́ ẹ wá ibòmíràn máa sáré yín lọ."

Kóòṣì gbà. Kí ló tún fẹ́ ṣe?

Apẹ̀rẹ̀ méjì ló wà ní gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ òkè odò, ọ̀kan lábẹ́ fèrèsé, ìkejì lára ògiri gbalasa. Orí bá wọn ṣe é, ìhà fèrèsé ni wọ́n kọ́kọ́ ń jù sí. Ìjì sáré débi pé òjìji rẹ̀ ń bẹ̀ ẹ́ kó dúró de òun. Inú Kóòṣì dùn, ó ná gbogbo ìsinmi ráńpẹ́ tí òfin fún un kí wọ́n lè mu omi, kí òun sì lè yìn wọ́n.

Ní àárín eré, wọ́n pààrọ̀ ìhà. Kóòṣì kó wọn jọ. "Ẹ gbọ́ o, ọ̀dọ̀ ògiri là ń jù sí báyìí."

"A ti gbọ́, Kóòṣì."

Ìjì tiẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Bàbá kékeré, ṣé ọmọdé ni wá ni?"

Kò pẹ́ tí wọ́n padà wọlé ni Ìjì ju bọ́ọ̀lù sí apẹ̀rẹ̀ ara ògiri. Kò wọlé, ó ta padà, Ìjì fúnra rẹ̀ ló sì fò mú un. Kó tún un jù náà ló kù. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù tó bá ta padà níbi tí kò sí fèrèsé, ohun kan ṣoṣo ni ẹsẹ̀ àwọn ọmọ yìí mọ̀ ọ́n ṣe sí. Ẹni méjì gba etí ògiri, Ìjì gba àárín. Àwọn alátakò yà fún wọn bí ẹni ń yà fún ọkọ̀ tó gbé aláìsàn. Bọ́ọ̀lù wọ inú apẹ̀rẹ̀ abẹ́ fèrèsé bí ẹyin ṣe ń wọ inú ìtẹ́. Ẹgbẹ́ òkè odò ni wọ́n ka àmì ayò náà fún.

"Ẹ padà! Ibẹ̀ kọ́!" ni Kóòṣì ń ké nígbà tí wọ́n tún ṣe é. Wọ́n gbọ́ ohùn rẹ̀. Wọ́n fi kún eré.

Ó wo réfírì, réfírì wo aago. Ìsinmi tí ì bá bèèrè, ó ti fi mu omi. Ó wá ki táwẹ́ẹ̀lì bọ ẹnu ara rẹ̀ kí ohùn má baà jáde mọ́, àmọ́ àwọn ọmọ tí kò gbọ́ nǹkan gbà pé gbogbo rẹ̀ ń lọ dáadáa. Ó káwọ́ lérí, ó ń wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ tó ń sá kọjá lọ níwájú rẹ̀. Ohun tó dùn ún jù ni pé wọn ò sáré báyẹn rí. Àlàfo tó wà láàárín wọn gún régé. Ẹni tí kò mọ apẹ̀rẹ̀ tiwọn ì bá dìde pàtẹ́wọ́. Díẹ̀ báyìí ni ẹgbẹ́ òkè odò fi na wọ́n.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé, àga ti ń sún síwájú nígbà tí Kóòṣì wọ gbọ̀ngàn. Àwọn òbí ti pé síbẹ̀. Àwọn ọmọbìnrin dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń wolẹ̀.

"Kóòṣì, wọ́n ní ẹ ta ìdíje náà ni," ni Akọ̀wé wí.

"Ta ni ì bá rà á?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ìyá tó yẹ ọmọ rẹ̀ wò sọ̀rọ̀. "Èyí tá a gbọ́ ni pé ẹ yí orí wọn padà."

Kóòṣì wo àga tó ti dé àárín gbọ̀ngàn, ó wo fèrèsé. Ó bọ́ fèrè lọ́rùn.

"Ẹ jẹ́ n tún un sọ bó ṣe rí, mà. Mi ò fọwọ́ kan orí ọmọ ẹnikẹ́ni. Ẹsẹ̀ ni mo kọ́ wọn, láti ibi àga yìí dé abẹ́ fèrèsé yẹn, lójoojúmọ́. Orí ni mi ò tíì dé."