Pán Tí Mo Rà Lọ Kí I

Láràárọ̀ ni ètè ìyá ará Bangladẹ́ṣì tí a jọ ń gbálẹ̀ ní ilé ìwé kan ní Barking nílùú òyìnbó máa ń pọ́n fún pán: èso líle tí wọ́n gé wẹ́wẹ́, tí wọ́n po ẹfun mọ́, tí wọ́n sì wé sínú ewé. "Gbà, àbúrò mi," ni yóò wí. "Àlejò kì í kọ̀ ọ́ nílé wa." Mo máa ń gbà á bí ẹni gba obì, ta ló ń kọ ohun tí àgbà fi yẹ́ ẹ sí?

Nígbà tí ó ní egbò kan tó wà nínú ẹ̀rẹ̀kẹ́ òun kò san, èmi òmùgọ̀ yìí, pán ni mo rà lọ kí i. Ó rẹ́rìn-ín. "O ti di ọmọ ilé wa."

Báyìí, ẹnu rẹ̀ kò là dáadáa mọ́, ìka kan ṣoṣo ló lè wọ̀ ọ́. Dókítà ní jẹjẹrẹ ni, pé pán ló fà á. Síbẹ̀, àwọn ẹbí rẹ̀ ṣì ń rà á wá. Lánàá, nígbà tí mo lọ kí i nílé, mo gba èyí tí àbúrò ọkọ rẹ̀ mú dé, mo jù ú sínú garawa ìdọ̀tí.

"Ṣé ilé bàbá yín nìyí, màdáàmù?" ni àbúrò ọkọ rẹ̀ bi mí.

Ìyá ni mo ń wò. Kò lè sọ̀rọ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ó ti na ọwọ́ sí garawa náà.